Ìtàgé Tí Alága Kékeré Kò Lọ Wò

Bí Alága Kékeré ṣe yà sí òpópónà tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn, bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Bàbá ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó lóṣòó sínú gọ́tà tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, ó ń tọ́ka síbí, ó ń tọ́ka sọ́hùn-ún. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró lé e lórí, wọ́n fi ṣọ́bìrì tilẹ̀, wọ́n ń wò ó. Alága káńsù gan-an ni o, kì í ṣe bíríkìlà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo alága! Ó kù díẹ̀ kó tọ́ yẹ̀pẹ̀ wò, bóyá iyọ̀ ẹ̀ tó!"

Ọmọbìnrin náà fi báàgì bojú, ó sọdá sí òdì kejì títì. Kò kí bàbá rẹ̀. Ojú ń tì í bí ẹni pé òun gan-an ló wà nínú gọ́tà.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dìbò yan bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Alága Kékeré nílé-ẹ̀kọ́. Orúkọ yẹn kò bí i nínú, ìṣe bàbá rẹ̀ ló ń dùn ún. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé alága yìí kì í jókòó sí ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá ń tún ọjà ṣe, ó ti débẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga, ó ti débẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù a máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, àti pé òun ló jẹ́ kí òrùlé ilé ìwòsàn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí ó ní àfi kí òun fojú ara òun rí pákó kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kàn án. Òjò rọ̀ sí àwọn aláìsàn lára níbi tí wọ́n ti ń dúró dè é. Wọn kò purọ́ mọ́ ọn o. Bàbá náà ní àṣejù tirẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti yan alága tiwọn, ọmọ alága dìde, ó sì sọ̀rọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

"Bí ẹ bá dìbò fún mi, mi ò ní lóṣòó sínú gọ́tà kankan." Gbọ̀ngàn mì tìtì fún ẹ̀rín. "Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ni n ó fa iṣẹ́ lé lọ́wọ́, mi ò sì ní máa yọjú wò ó lẹ́yìn. Olórí tó bá fẹ́ ṣe gbogbo nǹkan fúnra ẹ̀, kí ló wá fẹ́ kí àwọn yòókù máa ṣe?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Wọ́n dìbò fún un. Nígbà tó délé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

"Wọ́n ní èmi lo fi polongo ìbò," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tó já lé Alága Kékeré léjìká ni ayẹyẹ ìdágbére fún àwọn tó ń jáde. Gbọ̀ngàn wọn kò ní ìtàgé, wọ́n ní láti kan ọ̀kan. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì rárá. Ẹnjiníà ló gbé e fún, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó jẹ́ pé bí àga bá ṣẹ́ nílé-ẹ̀kọ́ yẹn, òun ni wọ́n ń gbé e lọ bá. Kódà, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ igi wà. Ẹni tó yẹ ló yàn, ẹnikẹ́ni kò lè bá a jiyàn lórí ìyẹn.

Ẹnjiníà wá bá a lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe lórí ẹ̀ gan-an?"

"Àwọn akọrin ni. Wọ́n á gun orí ẹ̀, wọ́n á kọrin, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀."

"Wọn ò ní fò?"

"Níbo lo ti rí akọrin tó ń fò, jàre?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà ní pákó tí wọ́n fún òun fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìdúró lásán ni, yóò gbà á. "Wá wò ó kí n tó parí ẹ̀ ṣá."

"Èmi? Kí ni mo mọ̀ nípa pákó? Mo ti fi lé ẹ lọ́wọ́ nìyẹn." Ó gbá a léjìká, ó bá tirẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Lójú tirẹ̀, bó ṣe yẹ kí olórí máa ṣe nìyẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn dá olùkọ́ tó ń darí akọrin dúbúlẹ̀. Orin wá di ohun tí kò ṣeé ṣe mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló yọ wọ́n. Láti kékeré ni òun àti Alága Kékeré ti jọ ń rìn, orúkọ rẹ̀ sì bá a mu, torí kò sí ògiri tí ọmọ náà kò lè fò kọjá. Lẹ́yìn ìsinmi, àwọn kan ń bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn eléré ìdárayá láti wá yan àwọn tó mọ eré í sá. Ọ̀fẹ́ ni ibẹ̀. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ sì ti sọ fún un pé bí kò bá wọ ibẹ̀, iṣẹ́ aṣọ rírán ni yóò lọ kọ́, torí agbára òun kò gbé e jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó rò pé wọn kò ní mú un.

"Ṣé kí èmi àti àwọn tá a jọ ń jó wá jó dípò orin?" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bi í.

"Ẹ jó o! Ẹ fò títí ẹ ó fi fọwọ́ kan àjà!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni Ẹnjiníà ránṣẹ́ sí i pé iṣẹ́ ti fẹ́ẹ̀ parí, kó yà wá wò ó. Ẹ̀yìn kíláàsì rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ igi wà. Láti orí àga rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ìró òòlù. Kò dìde.

"Ẹ sọ fún un pé mo fọkàn tán an," ló wí.

Nírọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ bi í nípa ayẹyẹ náà. Ó ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.

"O ti lọ wo ìtàgé yẹn?"

"Bàbá, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló wà nídìí ẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé òun náà mọ ohun tí ìwọ mọ̀?"

Kò yé e. Ó rò pé bàbá tún ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ní, "Ó mọ̀ jù mí lọ, sà," ó sì wọlé lọ.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé, gbọ̀ngàn kún. Ìtàgé náà dára wò, wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ ewé bò ó. Àwọn oníjó gorí rẹ̀, ìlù bẹ̀rẹ̀, àwọn òbí dìde lórí àga. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà níwájú. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ariwo sọ. Ó tún fò, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn yòókù sì fò tẹ̀lé e. Bí wọ́n ṣe balẹ̀ pọ̀ ni pákó dún gbàù, tí àárín ìtàgé sì wọlẹ̀.

Àwọn yòókù dìde, wọ́n ń gbọn eruku. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sáàárín pákó méjì, igbe tó ń ké kò jọ ohùn rẹ̀ mọ́.

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni Ẹnjiníà ti sáré wá, ó ń pariwo: "Ijó? Ta ló ní kí wọ́n jó lórí ẹ̀? Ta ló ní kí wọ́n jó?"

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ yí sí i. "Ìwọ lo kan nǹkan yìí?"

"Èmi ni, sà, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi pé..."

Ó wo ojú Alága Kékeré. Ọmọbìnrin náà gbé ojú kúrò. Gbogbo ojú ló wà lára Ẹnjiníà, kò sí èyí tó wà lára òun, ó sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá àgbà na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ igi.

Nílé, kò lè jẹun. Bàbá rẹ̀ jókòó tì í títí tó fi sọ gbogbo rẹ̀, látorí akọrin dórí kọ́kọ́rọ́.

"O rò pé mo mọ gọ́tà í ṣe?" ni bàbá bi í. "Mi ò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá gbé ṣọ́bìrì fún mi, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n fún ọkùnrin tó ń ṣe gọ́tà yẹn níṣẹ́, a ò tíì sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ yín máa ní ẹnu ọ̀nà kejì síbẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà yẹn. Òun ò mọ̀. Bí mi ò bá lọ sọ fún un, inú gọ́tà lẹ bá máa bọ́ sí láràárọ̀."

Omijé dà lójú ọmọ náà. "Òrùlé ilé ìwòsàn ńkọ́, Bàbá?"

Alága káńsù mí kanlẹ̀. "Ìyẹn, mo jẹ̀bi. Pákó yẹn kì í ṣe tèmi láti máa yẹ̀ wò. Ó yẹ kí n béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ lẹ́nu mi, kí n dáhùn, kí n sì kúrò lọ́nà. Mo jókòó tì wọ́n lórí, òjò sì ń rọ̀ sí àwọn èèyàn. Ó ń dùn mí títí di òní."

Ní ọjọ́ tí wọ́n padà sí kíláàsì lẹ́yìn ayẹyẹ náà, Alága Kékeré lọ bá ọ̀gá àgbà, ó sì sọ òtítọ́. Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Ẹnjiníà. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì fi ẹnu sọ pé òun dárí ji Alága Kékeré. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá bá a pàdé lọ́nà, ìkíni lásán ni. Kì í bá a ṣàwàdà mọ́. Bó ṣe wo ojú òun lọ́jọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn ọmọbìnrin náà.

Lẹ́yìn ìsinmi, àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ eléré ìdárayá dé bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Alága Kékeré lọ sí pápá. Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ohun líle funfun tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́ nà síwájú, ọ̀pá tó fi ń rìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàtà àwọn tó fẹ́ sáré kún itan rẹ̀. Òun ni wọ́n ní kó bá wọn mú un dání.

"Má bínú sí mi," ni Alága Kékeré wí. Kò mọ iye ìgbà tó ti sọ ọ́.

"Mi ò bínú," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ fèsì. Kò yíjú kúrò lójú ọ̀nà eré. "Wò ó, ẹni tó wà níwájú yẹn, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ǹ bá ti kọjá lára ẹ̀."

Wọ́n fun fèrè. Wọ́n yan ọmọ méjì, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ pín bàtà fún àwọn tó ni ín, ó fi ọ̀pá gbéra, ó ní ìyá òun ń dúró de òun. Ìyá ti bá a wá àyè ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ kan.

Láti pápá, ilé iṣẹ́ igi ni Alága Kékeré gbà lọ, torí wọ́n fẹ́ kan ìtàgé mìíràn. Ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹnjiníà nínú eruku igi.

"Kí lo fẹ́ kí n sọ fún ẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀?"

Ẹnjiníà kò gbé ojú sókè. "Ìbéèrè tí mò ń dúró dè nìyẹn nígbà yẹn," ló wí. Ó sún díẹ̀, kí ọmọbìnrin náà lè ráyè wò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò di olórí, bó ṣe kíláàsì ni o, bó ṣe ìlú. Kò pọn dandan kí olórí mọ iṣẹ́ gbogbo, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹni tó mọ iṣẹ́ kò lè mọ̀, àfi bí ẹ bá sọ fún un. Ẹ dìde lórí àga yín, kí ẹ lọ sọ ọ́. Alága Kékeré gbọ́ ìró òòlù lọ́jọ́ náà, ìrìn díẹ̀ ló sì kù kó débẹ̀.