Àpótí Kan Tí Omi Kò Bò

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rín in báyìí, kó sinmi. Mi ò mutí. Mi ò kì í ríran. Ìṣirò ni mo kọ́, òun náà ni mo fi ń jẹun, ohun tí mo bá ṣírò lẹ́ẹ̀mejì tí kò jáde bákan náà, mi ò kì í gbà á gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Wáyà wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ẹ lè bi í. N ò mọ̀ bóyá ó máa dá yín lóhùn, torí kì í fẹ́ sọ ọ́ mọ́.

Iṣẹ́ wa ni ká mọ ibi tí omi máa gbà kí omi tó gbà á. Ògiri tí wọ́n fi dá odò dúró lókè ìlú ti lanu. Òjò ńlá sì ń bọ̀. Àwọn aláṣẹ fẹ́ mọ àdúgbò tó gbọ́dọ̀ kó jáde àti èyí tó lè jókòó jẹ́ẹ́. Àwa la máa sọ fún wọn.

Káàdì géèmù, pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà, la fi ń ṣe é. Mo mọ̀ pé ó máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn káàdì tí wọ́n ṣe kí àwòrán inú géèmù lè máa sáré, tí àwọn ọmọdé fi ń yìnbọn lójú kọ̀ǹpútà, àwọn náà ló yá jù fún irú iṣẹ́ wa. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ dà bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan: kò sí ohun tí kò mọ̀, àmọ́ ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan ló ń ṣe é. Káàdì yìí dà bí ọmọ iléèwé tó kún pápá. Kò sí èyí tó gbọ́n nínú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń ṣe ìṣirò kékeré tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà. A gé àwòrán ìlú sí àpótí kéékèèké bíi ti ìwé ìṣirò, a sì kọ bí ohun tó wà níbẹ̀ ṣe ga tó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan, àpótí kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kálukú ń béèrè: omi tó wà lọ́dọ̀ aládùúgbò mi, ṣé ó ga ju tèmi lọ? Bó bá ga jù, kó máa wọlé bọ̀. Bí wọ́n bá béèrè bẹ́ẹ̀ títí, omi á ṣàn gba ìlú kọjá lójú kọ̀ǹpútà, nígbà tí ẹ̀kán òjò kan kò tíì kán níta.

Òfin méjì la ní. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, nu ojú káàdì mọ́. Pátákó iléèwé ni; bí o kò bá nu ohun tí olùkọ́ àná kọ síbẹ̀, tìrẹ á dàpọ̀ mọ́ ọn. Òfin kejì, ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Àbájáde tó bá jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àlá ni.

Yàrá tí àwọn ẹ̀rọ náà wà kò ní fèrèsé. Ọ̀sán àti òru dọ́gba níbẹ̀. Fáànù ń hó, kò dákẹ́ rí. Òtútù ibẹ̀ ń wọ egungun. Bọ̀ọ̀dá Wáyà tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe máa ń wọ súwẹ́tà méjì, á ní òkú nìkan ni wọ́n ń tọ́jú sírú ibẹ̀. Àwàdà rẹ̀ nìyẹn. Kò ṣe é mọ́.

Ilé tó kángun sí odò, ilé ìyá mi ni. Ibẹ̀ ni wàhálà mi wà. Látìgbà tí mo ti gbọ́ pé ògiri odò lanu ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Mi ò lè jókòó. Ojoojúmọ́ ni mò ń pè é, ojoojúmọ́ la ń jà.

Odò yẹn ti kún rí, nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá mi ní òun fẹ́ lọ wo ibi tí omi dé. Ó ga púpọ̀. Bí kò bá tẹ orí ba, kò lè gba ẹnu ọ̀nà wa jáde. Ó tẹ orí ba, ó jáde, ó ní, “Ẹ má tilẹ̀kùn, mò ń bọ̀.” Kò padà wá. A ò rí òkú rẹ̀. Látọjọ́ náà ni ìyá mi kò ti tilẹ̀kùn mọ́. Olè wọlé lọ́jọ́ kan, ó gbé tẹlifíṣọ̀n lọ. Síbẹ̀ kò tì í. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn máa ń bí mi nínú débi pé orí á máa fọ́ mi.

“Màmá, ẹ kó ẹrù yín, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Orí òkè ni mò ń gbé.”

“Ta ló ní omi ń bọ̀?”

“Kọ̀ǹpútà wa máa sọ ọ́.”

“Èyí tí wọ́n fi ń gba géèmù yẹn?” Ó bú sẹ́rìn-ín. “Géèmù ló fẹ́ lé mi kúrò nílé ọkọ mi. Ayé mà ti dayé òyìnbó o!”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ó dáa. Bí géèmù rẹ bá ní omi máa wọ yàrá mi, màá kó jáde. Bí kò bá wọ̀ ọ́, o ò gbọdọ̀ yọ mí lẹ́nu mọ́.”

“Ẹ ṣèlérí?”

“O mọ̀ pé ẹnu mi kì í yẹ̀.”

Inú mi dùn. Mo mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ tó. Mo ti borí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò tíì bọ́ báàgì léjìká tí mo fi ṣí iṣẹ́ náà. Omi jáde láti ibi tí ògiri odò ti lanu, ó tàn kálẹ̀ ní àwọ̀ búlúù lójú kọ̀ǹpútà. Ó bo pápá. Ó bo iléèwé. Ó wọ àdúgbò wa, ó ń bo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ilé ìyá mi, ó yà. Ó gba ọ̀tún, ó gba òsì, ó pàdé lẹ́yìn ilé. Ilé ìyá mi funfun, ó gbẹ.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá wo nǹkan.”

Ó wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fa àwòrán náà súnmọ́ wa. Àpótí kan ṣoṣo ló dúró níwájú ẹnu ọ̀nà. Omi ń yà fún un bí èrò ṣe ń yà fún ẹni tó dúró láàárín ọ̀nà.

“Ògiri ni?” Bọ̀ọ̀dá Wáyà béèrè.

“Ó tín-ín-rín jù.”

“Báwo ló ṣe ga tó?”

Mo wò ó. Ó fi díẹ̀ ga ju ẹnu ọ̀nà lọ. Mi ò sọ ọ́ síta. Àpótí kan ṣoṣo kò lè dá omi dúró fún odindi ilé, ìṣirò wa kò gbà á. Àmọ́ ó dá a dúró.

“Àbúrò, ṣé o nu káàdì?”

Mi ò nù ún. Ìkánjú kò jẹ́ kí n rántí.

“Ṣó o rí i? Àwòrán géèmù àtijọ́ ló kù síbẹ̀. Sójà kan ló ń ṣọ́ ìyá ẹ!” Ó gbá mi lẹ́yìn. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, tèmi kò dénú.

Mo nu káàdì náà mọ́ tónítóní, mo tún ìṣirò náà ṣe. Àpótí náà kò lọ. Ó ti sún síwájú ni. Ẹnu géètì ló wà báyìí.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bọ̀ọ̀dá Wáyà. Ohun tó bá wà nínú káàdì kì í kọjá ìgbà tí iná bá kúrò lára rẹ̀. Ó pa iná. Ó yọ káàdì náà. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì tètè gbé e sórí tábìlì.

“Ó tutù,” ó ní.

“Kí ló tutù?”

“Fọwọ́ kàn án.”

Káàdì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ máa ń jóni lọ́wọ́. Èyí tutù bí ohun tí wọ́n gbé jáde látinú odò. Bọ̀ọ̀dá Wáyà mú káàdì tuntun jáde látinú páálí, ó fi síbẹ̀, ó tan iná. Mo tún ìṣirò náà ṣe.

Omi wọlé. Ó gba géètì, ó gba ẹnu ọ̀nà, ó wọ yàrá. Kò sí àpótí kankan. Mo pariwo, mo pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi o: mo ń yọ̀ pé omi wọ ilé ìyá mi.

Mo pè é. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí òun.

“Kí lo ṣe fún un?”

“Fún ta ni?”

“Ẹni tó o rán wá. Látàárọ̀ ló ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo gbé àga fún un, kò jókòó. Nígbà tó yá, ó lọ dúró sí géètì. Mo tún wò báyìí, kò sí níbẹ̀ mọ́.”

Mo dìde dúró.

“Màmá, mi ò rán ẹnì kankan.”

Mo gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀.

“Kí ni géèmù rẹ wí?”

Ó wá di pé mi ò fẹ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n n kì í purọ́ fún ìyá mi.

“Ó ní omi máa wọlé.”

“Ó dáa. Mo ti ṣèlérí. Jẹ́ kí n di ẹrù mi.”

“Màmá, ẹ má jáde o. Mò ń bọ̀. Ẹ tilẹ̀kùn.”

“Èmi? Kí n tilẹ̀kùn?” Ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Ó pa fóònù.

Mo gbá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mú lórí tábìlì. Àmọ́ Bọ̀ọ̀dá Wáyà ti tẹ kọ̀ǹpútà pé kó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, gẹ́gẹ́ bí òfin wa. Omi ti ń tàn. Ìgbà náà ni fáànù dákẹ́. Gbogbo wọn. Iṣẹ́ ṣì ń lọ lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́.

Àpótí náà ti padà. Ó wà lẹ́nu géètì. Ó sì ń rìn.

Ilẹ̀ kì í rìn. Ògiri kì í rìn. Ohun tó bá ga lórí àwòrán ìlú, ibi tó wà ló máa wà. Àmọ́ èyí rìn dé ẹnu ọ̀nà ìyá mi, ó dúró, bí ẹni tó ń dúró de ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ó yí padà. Nǹkan kan tẹ̀ lé e jáde, tí kò ga tó o.

“Àbúrò,” Bọ̀ọ̀dá Wáyà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Méjì ni wọ́n.”

Wọ́n jáde sí títì. Wọ́n rìn díẹ̀ lọ sápá odò. Láàárín títì, wọ́n pòórá. Fáànù bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì sáré.

Oòrùn mú ganrínganrín nígbà tí mo dé ilé ìyá mi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹrù ti wà ní dídì ní pálọ̀. Tíì tó pò ṣì ń rú èéfín. Àga kan wà níta, fóònù ìyá mi wà lórí rẹ̀.

“Màmá!”

Mo wo gbogbo yàrá, kò sí níbẹ̀.

Ilẹ̀ gbẹ, òjò kò tíì rọ̀. Àmọ́ ipa ẹsẹ̀ tútù wà lórí sìmẹ́ǹtì. Ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ ńlá tí kò wọ bàtà. Ìkejì jẹ́ ti sálúbàtà ìyá mi, èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, tí mo ti ní kó sọ nù tó kọ̀. Wọ́n rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jáde sí títì. Láàárín títì, wọ́n tán. Kì í ṣe pé oòrùn gbẹ wọ́n. Ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn ló tutù jù.

Ọlọ́pàá wá a. Àwọn aládùúgbò ní àwọn kò rí ẹnì kankan. Nígbà tó yá, ògiri odò wó, omi sì wọ yàrá ìyá mi gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ. Gbogbo àdúgbò ti kó jáde kó tó dé, kò sí ẹni tó bá a lọ. Àwọn aláṣẹ kí wa kú iṣẹ́, wọ́n ń bọ̀ wá lọ́wọ́. Ẹkún ni mò ń sun. Ìyá mi mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó kúrò nílé. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tó lọ.

Bọ̀ọ̀dá Wáyà fi káàdì àkọ́kọ́ sínú páálí, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó ní ó ṣì tutù.

Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n tún ní ká ṣírò odò náà. Mo nu káàdì. Mo tún nù ún. Ilé mi wà lórí òkè. Bí odò mẹ́ta bá kún pọ̀, omi kò lè dé ibẹ̀. Síbẹ̀ mo fa àwòrán náà lọ síbẹ̀, n ò mọ ìdí. Àpótí méjì wà níwájú ẹnu ọ̀nà mi. Ọ̀kan fi díẹ̀ ga ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ìkejì kò ga tó o.

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Bákan náà ló jáde.

Mi ò pe Bọ̀ọ̀dá Wáyà. Mo lọ sílé. Mi ò rí ẹnì kankan lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ sì gbẹ. Mo gbé àga méjì síta. Mo wọlé, mi ò sì tilẹ̀kùn.