Afẹ́fẹ́ Inú Bíréèkì Ìyá Agbẹ̀bí

Mẹkáníìkì alùpùpù kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ògbógi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn sì gbà fún un, torí ó mọṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè bá a ṣiṣẹ́ pọ̀. "Èmi nìkan tó," ni yóò wí, á sì yínmú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Agbẹ̀bí gbé alùpùpù rẹ̀ wá. Ìyá yìí ló gbẹ̀bí ọmọ Ògbógi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà lọ sí bíréèkì iwájú ti là. Ògbógi pààrọ̀ rẹ̀, ó sì rọ ọ́ìlì tuntun sí i.

Ọ̀rẹ́ mi, bí wọ́n bá pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì, afẹ́fẹ́ máa ń há sínú rẹ̀. Èèyàn méjì ló sì ń lé e jáde. Ẹnì kan á tẹ ọwọ́ bíréèkì, á dì í mú. Ẹnì kejì á tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, á sì dè é padà kí ẹni àkọ́kọ́ tó jọ̀wọ́ ọwọ́ bíréèkì. Wọ́n á máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ọ́ìlì kò fi ní hó mọ́.

"Ṣé kò sí nǹkan tí mo lè bá ọ dì mú?" Ìyá bi í.

"Ẹ jókòó yín jàre, Ìyá. Èmi nìkan tó."

Kí ló wá ṣe? Ó tẹ ọwọ́ bíréèkì náà léraléra, kíákíá, bí ogún ìgbà. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, á le gbagidi fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá sinmi tán, á tún rọ̀. Ògbógi mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, Ìyá."

"Áà, ó mà le o! Olúwa á bù kún ọwọ́ rẹ."

Ó sì ṣe àmín. Ẹ gbọ́ o, ó ṣe àmín!

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá ń sáré lọ bá obìnrin kan tó ń rọbí. Àgùntàn já lu ọ̀nà níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó tẹ bíréèkì, ọwọ́ bíréèkì sì lọ tààrà láìdi nǹkan kan mú. Inú gọ́tà ló bá ara rẹ̀, apá òsì rẹ̀ ti kán. Obìnrin tó ń rọbí dá bímọ sórí ilẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà.

Àwọn èèyàn ní Ìyá ti dàgbà jù. Ògbógi náà bá wọn sọ ọ́: "Ṣebí mo ti kìlọ̀ fún wọn." Irọ́ gbuu!

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Ìyá ní kí wọ́n ti alùpùpù náà padà wá sọ́dọ̀ Ògbógi, òun náà sì tẹ̀ lé e, ó fi aṣọ gbé apá kọ́rùn. "Bá mi tún un ṣe kí n gbé e fún àbúrò mi. Mi ò gbẹ̀bí mọ́. Ọwọ́ mi ti já mi kulẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ògbógi lọ́kàn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò lè sọ pé òun nìkan tó. Ìyá fi ọwọ́ ọ̀tún tó kù tẹ bíréèkì.

"Ẹ dì í mú, Ìyá." Ó tú nọ́ọ̀tì. Ọ́ìlì ń hó ṣùrùṣùrù wọ inú ìgò.

"Kí ló ń hó yẹn?"

"Afẹ́fẹ́ ni, mà."

Ìyá wo ìgò náà. "Ṣé ó ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Irọ́ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀: ìgbà tí alùpùpù ṣubú ló wọlé. Ó gbójú sókè. Ọwọ́ Ìyá ṣì wà lórí bíréèkì, kò jọ̀wọ́ rẹ̀, torí Ògbógi ní kó dì í mú. Ìtìjú bò ó. Ó ń wá ibi tí yóò fi ojú sí.

"Ìyá, èmi ni. Ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ kó lè le lójú yín ni. Mo tún wá ń pè yín ní arúgbó lẹ́yìn."

Ìyá sunkún. "Ó dùn mí o. Mi ò ní purọ́ fún ọ." Ó nu ojú. "Mo dárí jì ọ́, torí Jésù ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ lo ṣẹ̀. Ọlọ́run gbọ́ àmín yẹn."

"Kí ni kí n wá ṣe, mà?"

"Bó o ṣe jẹ́wọ́ fún mi yìí, lọ jẹ́wọ́ fún Un. Má fi ohunkóhun pa mọ́. Nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wa ni Jésù ṣe kú."

Ògbógi kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì tó dà sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló rí sọ: "Jésù, èmi nìkan ò tó."

Ọjọ́ yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, ó ń jẹ́wọ́ fún gbogbo ẹni tó ti purọ́ fún. Àwọn kan fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tí apá Ìyá san, òun fúnra rẹ̀ ló gun alùpùpù náà lọ gbẹ̀bí.

Ìwọ tó ń ka ìwé pélébé yìí ńkọ́? O le lójú èèyàn. O ń kọrin, o ń ṣe àmín, wọ́n tẹ̀ ọ́ wò, wọ́n ní o dára. Ìwọ àti Ọlọ́run sì mọ ohun tó wà nínú. Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń bọ̀ níwájú, o ò sì mọ ọjọ́ rẹ̀.

Jẹ́wọ́ fún Jésù lónìí, níbi tó o jókòó sí yẹn. Bí Ìyá ò ṣe jọ̀wọ́ bíréèkì, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tí wọ́n kàn mọ́gi nítorí rẹ ṣì ń dúró dè ọ́.