Ilẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Gbẹ́

Ọ̀rẹ́ mi, ènìyàn lè pa ọmọnìkejì rẹ̀ láì mú idà lọ́wọ́. Rewájú ará Ajara ṣe é, ìwé kóòtù ló fi ṣe é.

Ilẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń tà. Bí ó bá ń kọjá, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a máa kì í pé: "Rewájú, ọkọ ilẹ̀. Àgbàrá tó wólé, tí onílé kò rí nǹkan ṣe sí i." Orí rẹ̀ a sì wú.

Ojú rẹ̀ wọ ilẹ̀ kan ní Gberefu, láàárín ọ̀sà àti òkun. Opó kan tí ń jẹ́ Ọ̀ṣuntóyìn ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú Ìbùkún, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Orúkọ odò ni opó náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n ti Jésù ni. Bàbá tó bí ìyá Rewájú ló fi ilẹ̀ náà ta àwọn àna opó yìí lọ́rẹ, Rewájú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó lọ búra èké ní kóòtù pé ilẹ̀ òun ni.

Adájọ́ kò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà. Àṣẹ ìdádúró ló kọ́kọ́ pa: kí tọ̀tún tòsì má ṣe kọ́ ohunkóhun síbẹ̀, kí wọ́n má sì gbẹ́ ẹ, títí ẹjọ́ yóò fi parí. Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ igi àgbọn kan.

Òjò dé. Òrùlé opó ń jò, ó sì gun àkàbà lọ fi imọ̀ ọ̀pẹ tuntun dí i. Rewájú ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀, ó gbé e lọ bá adájọ́ pé ó tàpá sí àṣẹ. Wọ́n ti opó mọ́lé. Lẹ́yìn tí wọ́n mú un lọ, Rewájú ní kí wọ́n tú imọ̀ náà kúrò, kí ilé lè padà sí bí kóòtù ṣe bá a. Orí Ìbùkún ni òjò ń rọ̀ sí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fi jáde, àyà ọmọ ti ń dún. Orí itan ìyá rẹ̀ ló kú sí nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wọn lọ sí ọsibítù, kí wọ́n tó dé èbúté.

Ìyá gbé e padà sílé, kó lè sin ín sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀. Ó ti ki ṣọ́bìrì bọ yanrìn nígbà tí Rewájú dé.

"Ìyá Ìbùkún, ṣé ẹ̀wọ̀n ti dùn mọ́ ẹ ni? Àṣẹ kò mọ ọmọ, kò mọ òkú. Gbé e lọ síbi tí wọ́n ń sin ẹni tí kò lẹ́nìkan."

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Opó tún gbé ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Kò pẹ́, ìyá Rewájú kú. Gberefu ni wọ́n bí ìyá náà sí, wọ́n sì gbin àgbọn sórí ibi tí wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ti mú ọmọ rẹ̀ búra pé abẹ́ àgbọn yẹn ni yóò tẹ́ òun sí. Igi tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ gan-an ni.

Rewájú sáré tọ lọ́yà rẹ̀ lọ. Lọ́yà mi orí.

"Àṣẹ tí a gbà kò mọ ẹni tó gbà á, sà. Bí ẹ bá gbẹ́ ibẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Àfi tí obìnrin yẹn bá gbà fún yín níwájú adájọ́."

Òkú ìyá wà ní mọ́ṣúárì, àwọn tó ń kì í kò yọjú. Rewájú wọ ọkọ̀ lọ sí Gberefu. Apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọkọ ilẹ̀, ìyàwó rẹ kọ̀ ọ́ ni?"

Rewájú dọ̀bálẹ̀ sínú yanrìn níwájú opó, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun sin ìyá òun. Opó ń bó àgbọn lọ.

"Bọ̀dá Rewájú," ló wá sọ, "mo gbàdúrà kí n rí yín báyìí. Mo ti rí yín, kò sì dùn mọ́ mi. Ibi tí ẹ ní kí n sin ọmọ mi sí, mo mọ bó ṣe rí, n kò ní jẹ́ kí ìyá yín lọ síbẹ̀. Kì í ṣe nítorí yín. Ibojì àyálò ni wọ́n tẹ́ Jésù sí, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi tiyín. Òun ni kí ẹ lọ bẹ̀. Èmi ti fi yín lé E lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dá Rewájú mọ́lẹ̀. Níbẹ̀ ló ti dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dárúkọ Ìbùkún, ó sì ké pe Olúgbàlà.

Opó gbà fún un níwájú adájọ́, Rewájú sì sin ìyá rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ ìbúra èké níwájú adájọ́, adájọ́ kò torí omijé dá a sí, ó ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tó dé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tún òrùlé opó ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sin ẹlòmíràn lé Ìbùkún lórí. Rewájú ń wá ibojì rẹ̀ kiri títí dòní, kò rí i. Ẹ̀jẹ̀ Jésù fọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nù. Kò dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ikú kò tíì fọwọ́ kàn ọ́, o wá rò pé o jàre. Àṣẹ ìdádúró ni, kì í ṣe ìdáláre. Adájọ́ ayé gbogbo ló ní kí ikú dúró ná, kí o lè rí àyè ronú pìwà dà. Ta ni o mú sunkún? Ilẹ̀ ta ni o gbà? Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o jẹ́wọ́ fún Jésù lónìí, nígbà tí ẹni tí o ṣẹ̀ ṣì wà láàyè láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ. Lọ́jọ́ tí àṣẹ yẹn bá parí, ṣọ́bìrì tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ tìrẹ kò ní bèèrè lọ́wọ́ lọ́yà.