Òpó Kì Í Gba Aṣọ Méjì

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, Nọ́ọ̀sì. Omi ò mọ ẹni tó kàwé."

Ohun àkọ́kọ́ tí ọkùnrin tó tukọ̀ gbé mi wá sọ fún mi nìyẹn. Pátákó èbúté erékùṣù tí wọ́n rán mi lọ ti jẹrà, ọkọ̀ ò lè sún mọ́lẹ̀ tán, àfi kí n sọ̀ sínú omi pẹ̀lú bàtà mi lọ́wọ́. Èébì tí mo ti ń bì bọ̀ lójú omi ti mú gbogbo agbára mi lọ. Mo wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ó gbé àpótí mi lé orí, ó ṣáájú.

"Ṣé ibí náà nìyí?" mo bi í nígbà tá a gúnlẹ̀.

"Ibí náà ni. Ẹ má wò ó báyẹn, ojú á tì í."

N ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

Atukọ̀ ni gbogbo wọn ń pè é. Òun ló ni ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń ti erékùṣù náà lọ sí ìlú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá gbà fún un. Òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé nínú ilé tó dojú kọ ilé ìwòsàn mi, pápá gbígbòòrò kan ló wà láàárín wa. Ilé tó tún tẹ̀ lé tiwọn, ti Baba Aláwọ̀n ni, arúgbó tó ń tún àwọ̀n ṣe, ẹ ó sì rìn kí ẹ tó débẹ̀. Ilé mélòó kan tún fọ́n káàkiri. Ìyókù jẹ́ ilé tí òrùlé wọn ti wó, àti ilé ìwé tí ewúrẹ́ ń sùn sí.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń sùn fọnfọn nígbà tí ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fi èjìká já ilẹ̀kùn mi. Atukọ̀ ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Nọ́ọ̀sì! Ṣé kò sí o?"

"Kí ló dé? Ara ta ni ò yá?"

"Tiyín ni mo rò pé kò yá. Ẹ ò so aṣọ."

Ó wá ṣàlàyé. Òpó kan wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, onílé á so aṣọ funfun mọ́ ọn, á tún tú u nírọ̀lẹ́. Ẹni tó dojú kọ ọ́ ló ń wò ó. Bí aṣọ ò bá jáde, onítọ̀hún á sáré wá. Ilé jìnnà síra, èèyàn ò pọ̀, ẹni tó bá dá ṣubú lè wà nílẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

"Èmi ni mo ń wo tiyín," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ó máa wo tiwa."

"Èèyàn ò wá lè sùn pẹ́ níbí yìí?"

"Ẹ lè sùn pẹ́ dáadáa. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ jí so aṣọ ná."

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ nípa ibi tó dákẹ́. Àwọn tó ń gbé nínú ariwo ló máa ń yìn ín. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń rẹ èèyàn ju iṣẹ́ lọ. Mo máa jí, mo máa so aṣọ, mo máa gbá ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ láná, mo máa to ìgò oògùn, mo máa tún un tò. Aláìsàn mi ò ju orúnkún àwọn arúgbó àti ẹ̀jẹ̀ ríru lọ. Nígbà míì tí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, ohùn ara mi máa ń dẹ́rù bà mí. Kí n tó lè pe ìyá mi lórí fóònù, àfi kí n gun òkè ẹ̀yìn ilé, kí n máa na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ já èso.

Atukọ̀ ló mú un fúyẹ́. Ó wá tún táǹkì omi ṣe. Ó wá tún iná ṣe. Nígbà tí kò sí ohun tó bàjẹ́ mọ́, ó ṣì ń wá.

"Kí ló bàjẹ́ lónìí?" á bi mí.

"Kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́ o."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ n jókòó dè é."

Bí ó ṣe jókòó tí kò dìde mọ́ nìyẹn. "Ẹ" di "o" láàárín wa, "Nọ́ọ̀sì" di "ọkàn mi". Kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ bí ó bá ti èbúté dé, omi iyọ̀ lára rẹ̀, tó wò mí, àárẹ̀ ọjọ́ náà máa ń tú lára mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín sí i. Màmá kúrú, ojú rẹ̀ mú, orúnkún rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí ó fẹ́ kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ kan mo sá aṣọ ìnura mi sára òpó ilé ìwòsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, kó lè gbẹ. Kò pẹ́ tí mo rí Màmá tó ń fi ọ̀pá la pápá kọjá, ó ń bínú bọ̀. Ó já aṣọ ìnura náà, ó kó o lé mi lọ́wọ́.

"Òpó kì í gba aṣọ méjì!"

"Màmá, ẹ má bínú. Aṣọ ìnura lásán ni."

"Ibi tá a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Aṣọ kan, òpó kan. Ó tán." Ó ti yí padà kó tó tún sọ pé, "Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti wá ṣáájú rẹ, kò sí èyí tó pẹ́. Ẹyẹ tó bà sórí òrùlé, a kì í kọ́lé fún un."

Mo dúró pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, mo sì gbọ́ odindi rẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an, ọ̀gá wa pè mí láti ìlú. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rọ́pò mi. Mo pe ìyá mi lórí òkè. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi ń kọrin.

"Ìyá mi, ẹnì kan wà níbí o."

"Mo ti mọ̀. Ṣé á tẹ̀ lé ọ bọ̀?"

"Ìyá rẹ̀ ò ní kúrò níbí."

"Ọmọ mi, mi ò bí ọ kí o lọ máa ka ìgbì omi. Bí kò bá lè tẹ̀ lé ọ, fi í sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀."

Mo sọ fún Atukọ̀ létí omi níbi tó ti ń fa omi kúrò nínú ọkọ̀. Kò gbójú sókè.

"O fẹ́ lọ?"

"Ó ti rẹ̀ mí. Ibí ti rẹ̀ mí. Tẹ̀ lé mi ká lọ."

"Ta ni màá fi Màmá sílẹ̀ fún? Bí ìwọ bá lọ, tí èmi náà lọ, ta ni á máa wo aṣọ rẹ̀?"

"Mú un dání."

"Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní ibi tí sàréè bàbá mi wà lòun wà."

"Nígbà náà, ìyá rẹ lo fẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa lẹ́nu mi. Mo rí i bó ṣe wọ̀ ọ́ lára. Ó ju garawa sínú ọkọ̀, ó ní òun ń lọ ra epo nílùú, bí òun bá dé, òun á gbé èmi àti ẹrù mi. Kò pè mí ní ọkàn mi.

Ó yẹ kó dé lọ́jọ́ kejì, àmọ́ afẹ́fẹ́ kọ̀. Òjò rọ̀ mọ́jú, ó dá kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo jí, mo so aṣọ mi, mo wo òdìkejì: aṣọ Màmá ti wà lórí òpó. Mo padà sídìí ẹrù tí mo ń dì.

Nígbà tí mo tún jáde wá mú bàtà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ mi lẹ́lẹ́. Ti Màmá ò mì. Ó lẹ̀ mọ́ òpó típẹ́típẹ́, omi ń kán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo wò ó, mo ń wò ó. Aṣọ tí wọ́n so lẹ́yìn tí òjò dá, báwo ló ṣe máa tutù? Aṣọ yẹn ti sùn síta.

Mo sáré débi pé bàtà kan kù sínú ẹrẹ̀.

Ilẹ̀ ilé ìdáná ni mo ti bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ló ti ṣubú. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, orúnkún rẹ̀ wú bí orí ọmọ. Mo fún un lómi, mo gbé e sórí ẹní, mo di ẹsẹ̀ náà, mo sì ń bá a wí bí ẹni ń sunkún.

"Màmá, ẹ ti ń fi aṣọ síta mọ́jú! Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, bí ọmọ mi bá ti lọ sójú omi. Orúnkún yìí kì í jẹ́ kí n dìde láàárọ̀ mọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

Ó pajú dé. Mo rò pé ó ti sùn.

"Bí ọmọ mi bá mọ̀ pé mi ò lè dìde, kò ní lọ mọ́."

"Lọ síbo?"

"Ibi tí o bá ń lọ ni, ìwọ ọmọ yìí. Mo mọ ohun tí mo fi ẹnu mi sọ nípa rẹ. Ẹnu àgbà ni, ó máa ń sọ tiẹ̀. Àmọ́ mo ń wo ojú ọmọ mi."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, èkejì nínú ẹrẹ̀. Obìnrin tí mo ti bá ṣọ̀tá nínú ọkàn mi, ó ti ń parọ́ pé ara òun le kí èmi lè rí ọkọ mú lọ. Mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sun ún tó.

"Ó tó," ó ní. "Lọ mú aṣọ tìrẹ wá, so ó mọ́ tèmi."

"Màmá, ṣebí òpó kì í gba aṣọ méjì?"

"Ta ló ni òpó? Ṣé kì í ṣe èmi? Kí wọ́n lè mọ ibi tí o wà."

Ó ti rẹ̀ mí jù láti ro ohunkóhun. Mo lọ mú un, mo so ó.

Baba Aláwọ̀n ló kọ́kọ́ dé. Ó ti fá irùngbọ̀n. Ó wọ kóòtù tí n ò rí lọ́rùn rẹ̀ rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn arúgbó yòókù ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀pá, aṣọ ìmúròde lọ́rùn wọn, wọ́n ń sinmi lọ́nà.

"Ẹ kú ìnáwó o!" Baba Aláwọ̀n ké. "Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́! Ìyàwó wa dà?"

"Ìyàwó wo, Baba?"

Ó wo òpó, ó wò mí. "Aṣọ méjì lórí òpó kan. Kò sí ohun míì tí ìyẹn ń jẹ́ níbí yìí, ọmọ mi. Ìyàwó ti wọlé ni. Ó ti pẹ́ tá a rí i kẹ́yìn, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí."

Mo yíjú sí Màmá lórí ẹní. Ó ń wo àjà bí ẹni tí kò gbọ́.

Igbe Atukọ̀ la gbọ́ lẹ́yìn náà, ó ń sáré bọ̀ láti èbúté, omi ń ṣàn lára rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo rí òpó ilé ìwòsàn láti ojú omi," ó ní. "Kò sí aṣọ. Mo ní o ti lọ."

"Ọkọ̀ wo ni mo fẹ́ bá lọ? Ṣebí ọ̀dọ̀ rẹ ló wà."

"Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá wo tiwa." "Ọkàn mi, ta ló so ó?"

"Èmi ni. N ò mọ ohun tó túmọ̀ sí."

"Èmi mọ̀ ọ́n," Màmá dáhùn. "Mo fẹ́ lọ síbi tí ẹ bá ń lọ. Bàbá rẹ á dúró dè mí, kò ní ibi tó ń lọ. Ibikíbi tí ẹ bá so tiyín mọ́, ẹ so tèmi mọ́ ọn." Ó wá wò mí, ojú rẹ̀ rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bí kò bá wù ọ́, ọmọ mi, lọ tú u. Kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà."

Mo jáde lọ sídìí òpó. Afẹ́fẹ́ ti wé aṣọ méjèèjì mọ́ra wọn. Mo fọwọ́ kàn wọ́n: tèmi ti gbẹ, ti Màmá ṣì tutù. Atukọ̀ wá dúró lẹ́yìn mi, kò fọwọ́ kàn mí, ó ń mí bí ọjọ́ tó fẹ́ já ilẹ̀kùn mi.

"Ṣé wàá tú u?" ó bi mí.

Mo fara tì í. Ó ti rẹ̀ mí, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tó ń lé èèyàn lọ mọ́.

"Jẹ́ kó gbẹ ná," mo ní.