Ọkọ̀ Pupa Tó Ń Kú Lójú Ọ̀nà

Láàárín oríta Adébáyọ̀ ni Dùnmínínú ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ẹfun ìkọ̀wé ti ba apá ẹ̀wù funfun rẹ̀ jẹ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọkọ̀ pupa kan tó ti kú, ó sì ń bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ ọmọ tó kọ oúnjẹ. Àwọn onímọ́tò ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ń ṣépè fún un kọjá.

Ọkọ̀ náà kò jọ àwọn tó kù lójú títì. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, imú rẹ̀ gùn, ó sì rẹlẹ̀ bí ẹranko tó fẹ́ fò mọ́ nǹkan. Ọdún tí wọ́n bí Dùnmínínú ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀, fún àwọn tó fẹ́ràn eré.

Dùnmínínú gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sọdá lọ bá ọkùnrin náà.

"Ẹ kú ìnira o. Ẹ wọlé, kí ẹ di sítíárìn mú. Ẹ jẹ́ kí n tì í."

"Ẹ̀yin obìnrin?"

"Àbí ẹ rí ẹlòmíì níbí?"

Ọlọ́kadà méjì bá a dá sí i, wọ́n tì í dé ẹ̀bá ọ̀nà. Dùnmínínú nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, "Nígbà tó kú, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí sí, ṣé díẹ̀díẹ̀ ló wálẹ̀, àbí ẹ̀ẹ̀kan náà ló já sí òdo?"

Ọkùnrin náà wò ó. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti gbé ọkọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ńpù epo, wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè yìí rí.

"Mi ò wò ó," ó ní, ojú sì tì í. "Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì."

Nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Dùnmínínú yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ náà sì jí, ó ń dún geere bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Dùnmínínú kò rẹ́rìn-ín.

"Èyí gan-an ló burú," ó ní. "Ká ní ó kú pátápátá ni, mà á mọ ohun tó pa á. Èyí tó ń jí fúnra rẹ̀ yìí, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ gbé e wá sí ìsọ̀ mi ní Òkè-Ìlá."

Ọláoyè ni orúkọ ọkùnrin náà.

Rewáyà ni Dùnmínínú, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ kó tó lọ kàwé kún un ní politẹ́kíníìkì. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ̀ pupa náà fi ń dún nínú ìsọ̀ rẹ̀, kò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrin tí Ọláoyè wà á lọ sí ilé ìwé, ó kú lẹ́ẹ̀mejì.

"Kò fẹ́ kú lójú mi," ni Dùnmínínú wí. "A jẹ́ pé èmi ni mo gbọ́dọ̀ máa bá a rìn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní àràárọ̀ Sátidé, láti Adó lọ sí Ìyìn, láti Ìyìn dé Ìgèdè, kí wọ́n tó padà. Ọláoyè ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: aago tí wọ́n gbéra, bí oòrùn ṣe mú tó, ibi tí ọkọ̀ ti mì. Ohun kan hàn nínú ìwé náà. Ọkọ̀ yìí kì í kú nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù.

"Ẹ gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́ yẹn, tíṣà. Ẹ wo ọ̀nà."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa wò ó."

"Èmi ni mà á wò ó. Ọ̀nà ni iṣẹ́ tiyín."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni mo fẹ́ máa wò ńkọ́?"

"Inú kòtò la máa bá ara wa nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti dẹ eré sílẹ̀. Ní Sátidé kẹta, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ yí i padà. Ọláoyè ń pè é ní ọ̀gá mi. Dùnmínínú náà a máa ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun dání, a máa bó ẹ̀pà sí i lọ́wọ́ bó ṣe ń wakọ̀.

Síbẹ̀, ara wọn kì í balẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Bí trélà bá yọ níwájú, ẹ̀rín á dákẹ́. Ọwọ́ Ọláoyè á le lórí sítíárìn, Dùnmínínú á sì tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́.

"Kí ló dé tí o ò ta ọkọ̀ yìí?" ó bi í lọ́jọ́ kan tí wọ́n dúró sí Ìgèdè kí ẹ́ńjìnì lè tutù.

Ọláoyè wo ọkọ̀ náà. "Bàbá mi ló ni ín. Pírínsípà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, inú ọkọ̀ yìí nìkan ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ọ̀nà Ìyìn níbí bí wọ́n ṣe ń ya trélà kan sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn fọ́ sí mẹ́ta. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn báyìí. Wọ́n ní bí mi ò bá rí ohun tó ń ṣe é kí sáà ìwé yìí tó parí, àwọn tó ń ra irin á wá gé e."

"Kò sẹ́ni tó tún un ṣe ṣáájú ìgbà náà?"

"Rewáyà kan ni, lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Olúfúnṣọ́. Ajílósùn ni ìsọ̀ rẹ̀ wà nígbà náà. A kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa."

Dùnmínínú yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dà sílẹ̀.

Olúfúnṣọ́ ni bàbá rẹ̀.

Politẹ́kíníìkì ni Dùnmínínú wà lọ́dún náà. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé ojú ń dun bàbá rẹ̀, òun ló fi ti ìsọ̀ Ajílósùn pa tó sì padà sí Ìgèdè. Kò bi í léèrè sí i. Báyìí, kò sọ ọ́ fún Ọláoyè. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni kò fi lè jẹun bó ṣe yẹ. Ó ń gbàdúrà pé kó jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́, tàbí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ohunkóhun tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ kò kàn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, lórí òkè tó kọjú sí Ìyìn, ọkọ̀ náà kú lójú rẹ̀. Táyà ṣì ń yí, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ já sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà. Sítíárìn wúwo, búrékì le bí òkúta, ọkọ̀ akóyanrìn kan sì ń fọn fèrè bọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Oyè! Apá ọ̀tún! Apá ọ̀tún!"

Ọláoyè fi gbogbo agbára yí sítíárìn. Ọkọ̀ akóyanrìn náà kọjá pẹ̀lú ariwo, afẹ́fẹ́ rẹ̀ mi ọkọ̀ wọn jìgìjìgì.

Dùnmínínú bọ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Iná ni, kì í ṣe epo; bó bá jẹ́ epo ni, díẹ̀díẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ì bá wálẹ̀. Ó da omi tútù sórí sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ́ńjìnì ń yí. Ọkọ̀ kò jí. Ó wá fi ìka tọ wáyà rẹ̀ lọ, díẹ̀díẹ̀, títí dé ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù sàléńsà níbi tí ooru pọ̀ sí. Ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan tí wọ́n fi téèpù dì. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Yí i wò."

Ọkọ̀ jí. Ó fi kókó náà sílẹ̀, ọkọ̀ kú.

Ó ṣí etí téèpù náà. Wọ́n lọ́ wáyà náà pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n tẹ ẹnu rẹ̀ padà sí apá ọ̀tún, wọ́n sì fi òwú dúdú so ó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Dùnmínínú nígbà tí bàbá rẹ̀ di ìka rẹ̀ mú, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

"O ti rí i?" Ọláoyè bi í láti inú ọkọ̀.

"N kò tíì rí i." Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. "Má ṣe wà á mọ́. A ó fà á lọ sí ìsọ̀ mi."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn Máàsì ní Ìgèdè, ó fi kókó wáyà tó gé kúrò sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀. Ojú bàbá kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò gbàgbé. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀.

"Uṣẹ́ mi ni," ó ní. "Ọkọ̀ pupa."

"Bàbá, ẹ sọ fún mi."

"Eku ló jẹ wáyà. Uná kò sí lọ́jọ́ náà, mi ò rí òjé jó láti fi lẹ wáyà náà pọ̀. Ẹni tó ni ín ń kánjú. Mo lọ́ ọ, mo dì í. Mo ní bó bá padà wá, mà á tún un ṣe dáadáa. Mi ò sọ fún un pé kó padà wá." Ó dákẹ́. "Nígbà tí mo gbọ́, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Mi ò lè wọlé. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́."

Dùnmínínú kúnlẹ̀, ó gbé orí lé itan rẹ̀. "Bàbá, mo fẹ́ràn ọmọ ẹni tó ni ọkọ̀ náà."

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí ilé ìwé jáde, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọláoyè nínú ìsọ̀ rẹ̀, lórí ìdúró, láìjókòó. Ọláoyè gbọ́ ọ tán.

"Lọ́jọ́ Sátidé tí mo bi ọ́, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

Ọláoyè mú ìwé kékeré rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì lọ.

Kò pè é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò pè é lọ́jọ́rú. Dùnmínínú ra wáyà tuntun, èyí tí wọ́n fi awọ bò fún ooru, ó gbé e gba ojú ọ̀nà mìíràn tó jìnnà sí sàléńsà, ó fi òjé lẹ gbogbo oríkèé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ń wà á fúnra rẹ̀ nínú oòrùn, ó ń gun òkè Ìyìn lọ, ó ń sọ̀ ọ́ bọ̀, ó ń dúró de ìgbà tó máa kú. Kò kú. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò ni àyà rẹ̀ ń já. Fóònù rẹ̀ wà lórí ìjókòó kejì, kò sì dún.

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé bàbá rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà, ó wà á lọ sí ilé àwọn Ọláoyè.

Pírínsípà Kọ́láwọlé, bàbá Ọláoyè, gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì náà láti inú ilé. Ó yára jáde tòun tọ̀pá, ìbẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀. Ó rò pé ọmọ òun ló ń wà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ọláoyè wà. Bàbá Dùnmínínú ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni Olúfúnṣọ́, sà. Uṣẹ́ mi ló kú mọ́ yín lọ́wọ́. Mi ò wá bá yín jiyàn."

Pírínsípà fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀. "Oṣù mẹ́rin ni mo fi sùn sí ilé ìwòsàn. Kí ló dé tí o ò wá?"

"Ẹ̀rù bà mí, sà."

"Ẹ̀rù." Ó wo ọ̀pá rẹ̀. Ó wo Dùnmínínú, tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ìwọ lo wà á débí?"

"Èmi ni, sà. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń wà á. Kò kú, sà."

"Gbé mi lọ síbi tó ti kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Bàbá!" Ọláoyè ké.

"Mo ní kó gbé mi lọ síbẹ̀."

Pírínsípà jókòó níwájú, Ọláoyè àti bàbá Dùnmínínú há mọ́ra lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀ lẹ́yìn Ìyìn, trélà kan yọ sí wọn. Pírínsípà di ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mú, ó di ojú. Abẹ́rẹ́ kò mì. Trélà náà kọjá, ọ̀nà sì là sílẹ̀ níwájú wọn.

"Dúró," ni Pírínsípà wí. Ó ń mí gúlegúle. Ó yíjú sẹ́yìn. "Fúnṣọ́. Ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀ yìí gan-an ni mo ti fẹ́ ya trélà sílẹ̀. Mi ò rí iwájú, síbẹ̀ mi ò dúró; mo jẹ̀bi pẹ̀lú. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí."

Bàbá Dùnmínínú bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Pírínsípà na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé e lé e lórúnkún, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi dé Adó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn bàbá méjèèjì wà nínú ilé pẹ̀lú iṣu gbígbóná àti ẹyin díndín. Dùnmínínú wà ní ẹ̀yìnkùlé níbi ẹ̀rọ omi, ó ń fọ gírísì ọwọ́ rẹ̀. Ọláoyè wá, ó mú kẹ́tùlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí i lọ́wọ́.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ló dùn mí," ó ní. "Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí o pa dé mọ́ mi lójú ló dùn mí."

"Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, màá pàdánù rẹ."

"Ọjọ́ márùn-ún ni mi ò fi rí ọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè." Ó gbé kẹ́tùlù náà sílẹ̀. "Dùnmí, ohunkóhun tó bá bà ọ́ lẹ́rù, máa sọ ọ́ fún mi. Èmi náà á máa sọ tèmi."

"Sọ tìẹ báyìí."

"Ẹ̀rù ń bà mí pé wàá kọ̀ bí mo bá ní kí o fẹ́ mi."

Omi ń kán ní ìka rẹ̀. Láti inú ilé, wọ́n ń gbọ́ tí Pírínsípà ń bi bàbá Dùnmínínú bóyá fádà ìjọ Ìgèdè máa ń gbà kí ọmọ Áńgílíkà gbéyàwó níwájú pẹpẹ wọn.

Dùnmínínú rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Kò dúró wá aṣọ ìnuwọ́. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tútù méjèèjì sí i.

"Mà á fẹ́ ọ," ó ní.