Òpìpì Màmá Aránṣọ

Ẹni tó bá fẹ́, kó pè é ní irọ́. Àwọn tó wà nínú ilé náà ṣì wà láyé, wọn kì í sì í ṣe ẹni tí ń sọ ìsọkúsọ. Bí o bá bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ wọn kò ní yàtọ̀ síra. Ibi tí ọ̀kan bá sì ti dákẹ́, ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn yóò ti dákẹ́.

Màmá Aránṣọ ní àgbébọ̀ adìẹ kan. Òpìpì ni. Ìyẹ́ kò pé sí apá rẹ̀, awọ pupa ló hàn jù, bí adìẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀ dé ìdajì kí wọ́n tó rántí pé kò tíì kú. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sàba, Bíríkìlà, aládùúgbò tí òun àti Màmá jọ pín ògiri, yọrí lókè ògiri náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, apá tí kò lè bo ara rẹ̀, ṣé ẹyin ló máa bò?"

"Ìwọ tí irun kún àyà rẹ," Màmá dá a lóhùn, "ẹyin mélòó lo ti pa?"

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

Màmá mọ ìtọ́jú adìẹ bó ṣe mọ abẹ́rẹ́. Ó pààrọ̀ koríko gbígbẹ inú àpótí, ó bu eérú díẹ̀ sí i nítorí kòkòrò ara. Ó gbé oúnjẹ sítòsí, kí ìyá má baà pẹ́ lóde kí ẹyin tutù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó máa ń gbé ẹyin síwájú tọ́ọ̀ṣì, ó máa ń wo iṣan pupa tó ń ta bí òwú nínú rẹ̀. Èyí tí kò bá ní nǹkan nínú, ó máa ń mú un kúrò. Òpìpì a sì fi ẹnu ṣá a lọ́wọ́, gbàù.

"Ṣá mi dáadáa," Màmá a wí. "Ìyá tí kò bá lè jà, ìyá wo nìyẹn?"

Lọ́jọ́ tí àwọn ẹyin náà pa, kò sí ẹyọ kan tó kùnà. Màmá da òkúta wẹẹrẹ sínú abọ́ omi kí òròmọdìẹ má baà rì sí i, ó fọ́ àgbàdo wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó wá lọ fi ọwọ́ gbá ògiri.

"Bíríkìlà! Yọrí kó o wò!"

Ó yọrí. Ó wò ó títí. "Háà. Ó mà pa gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀ ni!"

Ìgbà náà náà ni àbíkẹ́yìn Màmá gbé ọmọ tuntun wálé, kí ara lè tù ú lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni Màmá fún un, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá. Gbogbo oníbàárà tó bá wá gba aṣọ ló ń gbọ́ ọ: "Òpìpì bí, ọmọ mi náà bí. Ilé yìí kún!"

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó bẹ̀rẹ̀. Màmá jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní yàrá iwájú. Ó ń rán etí aṣọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ó fura pé ẹ̀rọ náà nìkan ni òun ń gbọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Kò gbọ́ nǹkan kan. Kò sí ẹyẹ lórí òrùlé. Kò sí òòlù Bíríkìlà. Àdúgbò dákẹ́ bí ẹni tó di ẹ̀mí mú.

Òpìpì wá kígbe, igbe tí adìẹ ń ké tó bá rí àṣá.

Màmá gba igi, ó sáré jáde. Àwọn òròmọdìẹ ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀tẹ̀. Ìyá wọn dúró níwájú wọn, ó na apá méjèèjì, awọ pupa náà sì ń gbọ̀n. Màmá wo ojú ọ̀run. Ó mọ́ fáú. Òpìpì kò tilẹ̀ wo òkè. Ẹsẹ̀ ògiri ló ń wò, níbi tí kò sí nǹkan kan.

Lẹ́ẹ̀kan náà ni ariwo àdúgbò padà, bí ìgbà tí ènìyàn ṣílẹ̀kùn.

Màmá ní ejò ni. Bíríkìlà wá, ó fi ọwọ́ pa ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbá a wò. Kò sí ihò. Ó fi sìmẹ́ńtì dí ibi tó sán díẹ̀, kí wọ́n ṣáà lè sọ pé ó ṣiṣẹ́.

"Màmá, òjìji ara rẹ̀ ni adìẹ yín ń bá jà."

"Òròmọdìẹ ò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ló mọ àṣá," Màmá wí. "Bí ojú tìẹ kò bá tó o, ojú tirẹ̀ tó o."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìdákẹ́jẹ́ náà tún dé. Àgbàlá ni Màmá wà, ó ń sá aṣọ. Òpìpì kò sí lẹ́sẹ̀ ògiri mọ́. Ẹ̀gbẹ́ àgbá omi ló dúró sí. Òròmọdìẹ kan ti yà sọ́tọ̀.

Màmá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Òròmọdìẹ náà ń lọ, ṣùgbọ́n kò rìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi. Ẹ̀yìn ló ń lọ, jẹ́jẹ́, bí ohun tí wọ́n so òkùn mọ́. Èékánná rẹ̀ ń fa ilà sínú eruku. Kò ké.

Òpìpì bẹ́ kọjá lórí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta òfìfo. Ẹsẹ̀ náà bá nǹkan. Màmá gbọ́ ọ: *pàì*, bí ìgbà tí wọ́n na aṣọ tútù mọ́ òkúta. Òròmọdìẹ ṣubú lulẹ̀. Màmá gbé e. Ó tutù bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde láti inú kànga. Ó tì í sí àyà ara rẹ̀, ó sì dì í mú títí ó fi dún *pí-ín*.

Ẹ̀rù bà á. A kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ìwúrí tó wà nínú rẹ̀ ju ẹ̀rù náà lọ. Adìẹ tí gbogbo àdúgbò fi ṣẹ̀sín ti ta ohun tí ènìyàn kò rí, nǹkan náà sì ti padà sẹ́yìn.

"Ìyá nìyẹn!" ó wí fún àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó dúró lójú fèrèsé. "Ìyá gidi nìyẹn!"

Àbíkẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ ní ibi àgbá omi?"

"Ibẹ̀ ni."

"Lánàá ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ògiri."

Àbíkẹ́yìn wo ògiri. Ó wo àgbá omi. Ó wo fèrèsé tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí.  Ó pa fèrèsé náà dé, ó sì fi irin há a.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Òpìpì kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé. Màmá kò lé e. Ó kó wọn gba iwájú Màmá kọjá, ó kó wọn sábẹ́ tábìlì ìránṣọ, sáàárín àjákù aṣọ. Lẹ́yìn náà ó fi wọ́n sílẹ̀. Adìẹ tó ń tọ́ òròmọdìẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ.

Màmá ṣì ń tẹ ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dún mọ́.

Ó dìde tòun ti aṣọ lọ́wọ́.

Ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí. Òpìpì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na apá rẹ̀. Màmá rò pé òde ló máa kọjú sí. Inú ló kọjú sí.

Àbíkẹ́yìn ti sùn lórí àga. Ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ń rìn. Ó ń lọ síbi fèrèsé, díẹ̀díẹ̀, tòun ti ọmọ lórí rẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún. Ojú rẹ̀ là, ó ń wo òkè, bí ọmọ ṣe ń wo ojú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Màmá la ẹnu, ohùn kò jáde. Aṣọ ọwọ́ rẹ̀ ló tẹ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì dé ibi tí ọwọ́ lè nà dé, ó wọlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìẹ rẹ̀. Wọ́n jọ rìn síwájú. Òtútù bo orúnkún rẹ̀. Òpìpì, tí kò lè fò, fò. Ó bà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà: ẹnu, ẹsẹ̀, apá. Aṣọ tí Màmá tẹ́ wú sí i lára. Atẹ́gùn kì í wúwo. Èyí wúwo. Ó fi ara tì í.

Màmá náà fi ara tì í padà. Kò yẹ̀.

Igbe ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn ẹyẹ tẹ̀ lé e. Àbíkẹ́yìn ta jí.

"Màámi! Kí lẹ ń ṣe?"

Fèrèsé ṣì wà ní títì, irin rẹ̀ kò sì kúrò láyè rẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tutù rinrin ní etí kan.

Òpìpì sọ̀kalẹ̀, ó gbọn ara, ó padà lọ pe àwọn ọmọ rẹ̀ síbi oúnjẹ. Apá rẹ̀ kan já, kò sì gbé e sókè mọ́ láti ọjọ́ náà. Màmá fi àjákù sẹ́dà aláwọ̀ búlúù dì í. Bẹ́ẹ̀ ló ń rìn káàkiri, bí ológun tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá. Ẹnì kan wá béèrè iye tó fẹ́ tà á. Màmá ní òun yóò kọ́kọ́ ta ilé.

Àwọn òròmọdìẹ dàgbà. Mélòó kan lára wọn jẹ́ òpìpì bíi ti ìyá wọn. Ìyàwó Bíríkìlà náà bímọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bíríkìlà wá, kò gba orí ògiri. Ẹnu ọ̀nà iwájú ló gbà, ó ti ṣí fìlà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní òpìpì yín."

"Kí lo rí?"

"N ò rí nǹkan kan, Màmá." Ó fún fìlà náà lọ́wọ́. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

"A kì í yá èèyàn ní ìyá," Màmá wí. Ó mú ọmọ adìẹ kan tó ti ń di àgbébọ̀, tó jẹ́ òpìpì bíi ti ìyá rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó gorí búlọ́ọ̀kù, ó yọrí lókè ògiri láti wò ó.

Bíríkìlà gbé adìẹ náà sílẹ̀. Ó fọ́n àgbàdo fún un. Adìẹ náà kò jẹ ẹ́. Ó na ọrùn. Ó na apá tí kò níyẹ̀ẹ́ náà, ó dúró gbọn-in. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Orí Màmá wú. Omijé ìwúrí gbà á lójú.

Ìgbà náà ló rí ibi tí adìẹ náà ń wò. Kì í ṣe ilé Bíríkìlà. Òkè ògiri ló ń wò, lẹ́bàá èjìká Màmá gan-an.

Màmá kò yí orí. Ó na ọwọ́ méjèèjì gbọọrọ lórí ògiri, ó dúró. Nínú àgbàlá lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí Òpìpì dìde.