Ẹ Gbé Rọ́bà Ẹ̀rọ Ìfọ-abọ́ Yín Sókè

Gbogbo àdúgbò ló mọ ọkọ mi sí Mo-lè-ṣe-é. Àga ya, ó lè ṣe é. Iná kú, ó lè ṣe é. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn bí oyin, èmi ni kò dùn mọ́.

Ìyá mi ló ń bá wa gbé. Làkúrègbé ti mú wọn ní ìka, síbẹ̀ tí a bá ti jẹun tán, àwọn ló máa kọ́kọ́ dé ìdí síǹkì. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, wọn ò gbọ́. Nítorí ọwọ́ wọn la ṣe ra ẹ̀rọ ìfọ-abọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dé, mo ní, "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ ká pe púlọ́ńbà."

"Púlọ́ńbà kẹ̀? Omi mímọ́ á gba ibí wọlé, omi ìdọ̀tí á gba inú rọ́bà yìí jáde. Mo lè ṣe é!"

Ó ki orí bọ abẹ́ síǹkì, ó tẹ́ rọ́bà náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì kì í bọ páìpù síǹkì nísàlẹ̀. Mo fi ìwé tó bá ẹ̀rọ wá hàn án. Nínú àwòrán ibẹ̀, rọ́bà kọ́kọ́ gòkè kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ya èyí ò gbọ́n. Ṣé omi máa ń ṣàn gòkè ni?"

Mo pa ìwé náà dé. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Mo ṣí i láàárọ̀, mo bá omi dúdú nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rá léfòó sórí ẹ̀. Èèpo àlùbọ́sà tí mo ṣan dànù nínú síǹkì ló lẹ̀ mọ́ ife ìyá mi.

"Yéè!" Ìyá mi ti dé ẹ̀yìn mi. Wọ́n wo ife, wọ́n wò mí, wọ́n ká apá aṣọ sókè. "Ẹ dá kinní yìí padà síbi tẹ́ ẹ ti rà á. Ọwọ́ mi ṣì wà."

Ọwọ́ tí kò lè ṣí ìdérí ìgò mọ́! Ó dùn mí wọra. Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo pe púlọ́ńbà.

Obìnrin kúkúrú kan ni. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ síǹkì, ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló so èyí?"

Ọkọ mi wúkọ́. "Èmi ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé omi kì í ṣàn gòkè."

"Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá. Nítorí ẹ̀ gan-an la fi ń gbé rọ́bà sókè! Ẹ̀rọ yìí ní pọ́ǹpù nínú, ó lè ti omi tiẹ̀ gòkè. Omi síǹkì ò ní pọ́ǹpù. Tí rọ́bà bá sùn sílẹ̀, tí páìpù wá dí díẹ̀, ṣe ni omi síǹkì á rọra wọnú ẹ̀rọ, á lọ bá abọ́ tẹ́ ẹ ti fọ̀. Tí rọ́bà bá ga ńkọ́, ibo ló fẹ́ gbà gùn ún?"

Ọkọ mi tún yọjú wo abẹ́ síǹkì. Mi ò ní purọ́, mo gbádùn ẹ̀.

Púlọ́ńbà fa rọ́bà gòkè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan abẹ́ pẹpẹ tí síǹkì wà nínú rẹ̀, ó so ó mọ́ ògiri, ó wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú páìpù, ó fi irin dè é pinpin. Ó ṣí ibi tó dí nínú páìpù, ó fọ asẹ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ló pọn omi kún síǹkì, ó tú u lẹ́ẹ̀kan náà. A ṣí ẹ̀rọ wò. Ẹ̀kán kan ò wọlé.

A fi omi gbígbóná ṣan ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì kí a tó kó abọ́ sí i. Ìyá mi gbé àga síwájú rẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Nígbà tó parí, wọ́n gbóòórùn ife kan, wọ́n bu omi sí i, wọ́n mu ún.

"Ó mọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n wá kọjú sí ọkọ mi. "Ọkọ ọmọ mi, wá jókòó tì mí. Iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ àwa méjèèjì."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ẹ̀rọ yìí nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ síǹkì yín lónìí. Rọ́bà omi ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ ga dé abẹ́ pẹpẹ kó tó sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì dè é dáadáa kó má baà já bọ́. Tí ẹ bá bá omi dúdú nínú ẹ̀rọ, ẹ má fi abọ́ ibẹ̀ jẹun. Ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́. Abèèrè kì í ṣìnà, àwọn tó sì ń jẹun nínú abọ́ yẹn, èèyàn yín ni wọ́n.